Tíì Puer Ilẹ̀ Ṣáínà: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò

Púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ aráyé ń jẹ tí wọ́n sì ń mu ni kì í fẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Ẹmu tí a dá ní òwúrọ̀ yóò ti máa kan kí ó tó di alẹ́. Àkàrà tí ó bá sùn mọ́jú, ẹni tí ebi ń pa gidigidi nìkan ni yóò bù ú jẹ. Tíì inú páálí tí a ń rà lọ́jà pàápàá kò yàtọ̀: bí ó bá ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lórí àtẹ, òórùn dídùn ara rẹ̀ yóò ti fò lọ, àwọ̀ nìkan ni yóò kù. Ṣùgbọ́n irú tíì kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti ń dàgbà sí i ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń wá a kiri sí i. Àwọn oníṣòwò rẹ̀ a máa sọ pé bàbá àgbà ni í ṣe é, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni í tà á. Puer ni orúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan ṣe di olówó, nítorí rẹ̀ náà ni àwọn mìíràn ṣe pàdánù ohun tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó jọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa, nítorí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni iṣẹ́ tí èmi ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí kò dúró sójú kan kì í sì í jẹ́ kí n sùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tí a bá ti pò mọ́ omi gbígbóná ní òwúrọ̀, tíì ni. Bournvita ni o, Milo ni o, Ovaltine ni o, kọfí pàápàá ni o, tíì náà ni a ó pè é. Tíì tí mo ń sọ níhìn-ín ni ti ewé igi kan ṣoṣo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camellia sinensis, tí a sì ń gbìn ní orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba nílẹ̀ wa yìí. Igi kan náà ni oríṣiríṣi tíì ayé ti wá. Ọwọ́ tí a bá fi mú ewé rẹ̀ lẹ́yìn tí a já a tán ni ó ń sọ irú èyí tí yóò jẹ́. Èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tíì dúdú, tíì pupa ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, nítorí pé àwọ̀ omi rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo àwọ̀ ewé. Èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní tíì dúdú, nǹkan mìíràn gbáà ni, puer tí a fi omi bò mọ́lẹ̀ kí ó lè tètè gbó sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ọjà láàrin èdè méjèèjì tí kò mọ èyí, ohun tí oníbàárà kò béèrè ni yóò máa kó fún un.

Ìpínlẹ̀ Yunnan, tí ó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, ni orírun puer. Ó bá ilẹ̀ Vietnam, ilẹ̀ Laos àti ilẹ̀ Bọ́mà pààlà. Bọ́mà yìí, tí a ń pè ní Myanmar lónìí, kì í ṣe àjèjì sí etí wa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ-ogun wa lọ láàrin 1943 sí 1945 láti bá àwọn ará Japan jà. Odò ńlá kan tí ń jẹ́ Lancang, òun náà ni ó ń di Mekong nígbà tí ó bá jáde ní Ṣáínà, ni ó la ilẹ̀ tíì yìí já. Ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ ni a ti rí àwọn òkè tí orúkọ wọn ti pẹ́ lẹ́nu oníṣòwò, bíi Yiwu àti Yibang; ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ni Nannuo, Bulang àti Jingmai wà. Àwọn ẹ̀yà Bulang, Dai, Hani àti Jinuo tí ń gbé àwọn òkè wọ̀nyí ni ó ti ń tọ́jú igi tíì láti ìrandíran. Igi ni mo wí o, kì í ṣe igbó kúkúrú tí a ń rẹ́ lórí bí òdòdó àgbàlá. Ewé irú ti Yunnan fẹ̀, bí a bá sì jọ̀wọ́ igi náà sílẹ̀, yóò ga ju òrùlé lọ. Ńṣe ni àwọn obìnrin ń gùn ún láti já ọ̀mùnú ewé rẹ̀ sínú àpò. Nínú wọn wà tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ìdúró. Ní oṣù September 2023, àjọ UNESCO kọ igbó tíì àtijọ́ tí ó wà ní òkè Jingmai mọ́ ara àwọn ohun àjogúnbá gbogbo aráyé.

Orúkọ ìlú ni Puer jẹ́ kí ó tó di orúkọ tíì. Ní 1729, ní ayé ọba Yongzheng, ìjọba dá àgbègbè ìṣàkóso Puer sílẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tẹ òwò tíì, láti ibẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ sì ti ń lọ sí ààfin ọba ní Beijing. Láti ibẹ̀ náà ni àwọn oníbaaka ti ń di tíì ru ẹran wọn lọ sí Tibet, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi bọ́tà àti iyọ̀ pò ó mu. Ewé tí a kò tẹ̀ pọ̀ a máa gba àyè lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì máa rún sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣù-ìṣù. Ìrìn-àjò náà a máa gba oṣù púpọ̀. Òjò a pa á, oòrùn a pa á, ooru ara ẹran a sì máa kàn án, nígbà tí yóò bá fi dé ibi tí ó ń lọ, àwọ̀ rẹ̀ àti adùn rẹ̀ ti yí padà. Kò sí ẹni tí ó jókòó pète rẹ̀. Àwọn tí ó rà á ni ó mu ún tí wọ́n rí i pé ó tu àwọn lára.

Tútù àti jíjinná

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le láti sọ, bí ó tilẹ̀ le láti ṣe. Bí wọ́n bá já ewé náà, wọn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a dà á sínú agbada gbígbóná, irú èyí tí ó fẹ̀ bí ti gààrí, wọn a sì máa rò ó sókè sódò títí òórùn ewé tútù yóò fi lọ. Iná yìí ni kì í jẹ́ kí ewé náà pọ́n kíákíá bí ó ti ń ṣe fún tíì pupa. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù, nítorí pé bí ewé bá gbóná kọjá àlà, agbára tí ì bá fi máa dàgbà yóò kú mọ́ ọn nínú. Lẹ́yìn agbada, wọn a fi ọwọ́ ra á kí oje rẹ̀ lè jáde sí ara ewé, wọn a sì sá a sí oòrùn. Òfin tí ilẹ̀ Ṣáínà ṣe ní 2008 sọ ọ́ gbangba pé ewé ńlá ti Yunnan, tí a fi oòrùn gbẹ, nìkan ni ó gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ puer.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ooru omi híhó ni wọ́n fi ń mú un rọ̀, wọn a dì í sínú àpò aṣọ, wọn a sì gbé òkúta lé e lórí. Ìṣù pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ jù wọn gíráàmù 357. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, wọn a wá to méje lé ara wọn, wọn a sì fi èèpo ọparun gbígbẹ dì í. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé gíráàmù kan ṣoṣo ni ó kù kí ìdì kan pé kílò méjì ààbọ̀.

Èyí tí a bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a kò ṣe ohun mìíràn sí i ni wọ́n ń pè ní sheng, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe tútù. Nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ ọmọdé, omi rẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin tuntun, yóò korò, yóò sì máa fún ahọ́n pọ̀. Ọdún ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni ìkorò náà yóò máa fà sẹ́yìn, tí omi rẹ̀ yóò sì máa di pupa rúsúrúsú bí epo tí ó ti pẹ́ nínú ìgò.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ní sùúrù ọgbọ̀n ọdún? Àwọn ilé oúnjẹ ní Hong Kong ń béèrè tíì tí ó ti gbó ju bí ọdún ti lè pèsè lọ. Ní 1973, ilé-iṣẹ́ tíì ti ìjọba ní Kunming rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Guangdong láti lọ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi omi sọ tíì di àgbà. Orúkọ Wu Qiying ti Kunming àti Zou Bingliang ti ilé-iṣẹ́ Menghai ni a kò lè yọ kúrò nínú ìtàn ohun tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n kó ewé jọ ní òkìtì gíga, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fi aṣọ bò ó. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀, ó lè gbóná tó ìwọ̀n 60 ní ti Celsius, wọn a sì máa tú u palẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí àárín rẹ̀ má baà jóná. Bí ó bá ti ń tó ọjọ́ 45 sí 60, ewé náà ti dúdú. Shu ni wọ́n ń pe èyí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni jíjinná. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá tí ń ṣe irú rí, bí wọ́n ti ń dé e mọ́lẹ̀ tí yóò sì máa gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣe é ní kàyéfì. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíńtínní tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n ń fi oṣù méjì ṣe ohun tí ó fara jọ iṣẹ́ ogún ọdún. Ó fara jọ ọ́ ni mo wí. Ẹni tí ó bá mu méjèèjì ní ọjọ́ kan náà kò ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Níbo ni kí a gbé e sí?

Títọ́jú ni ó ń mú puer di ohun tí ó jẹ́. Ìṣù méjì tí a tẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, láti inú ewé kan náà, bí a bá gbé ọ̀kan sí Hong Kong tí a sì gbé èkejì sí Kunming, lẹ́yìn ogún ọdún a ó rò pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ìlú Kunming wà lórí òkè tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,900, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, kò sì gbóná púpọ̀. Tíì ibẹ̀ kì í tètè dàgbà. Òórùn òdòdó ìgbà èwe rẹ̀ a máa dúró pẹ́, ìkorò rẹ̀ náà a sì máa dúró. Hong Kong wà létí òkun, ó gbóná, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò àtijọ́ níbẹ̀ a tilẹ̀ máa gbé e sí ìsàlẹ̀ ilé níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ sí jù lọ fún ìgbà kan, kí wọ́n tó wá gbé e gòkè lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí òórùn ilẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò mú tíì jáde tí ó dúdú, tí ó rọ̀, tí kò bá ọ̀fun jà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò mú ohun tí ó bu jáde, tí kò ṣe é mu fún ènìyàn.

Ọ̀nà kejì ni láti jọ̀wọ́ rẹ̀ sí inú iyàrá lásán, láìfi omi kan án, láìfi ooru kún un. Èyí tí ó sọ ọ̀nà yìí di olókìkí ni àwọn ìṣù tí ilé-iṣẹ́ Menghai tẹ̀ láàrin 1988 sí 1992, tí Chan Kwok-yi, onílé tíì kan ní Hong Kong, rà lọ́pọ̀lọpọ̀ tí ó sì gbé sí ibi gbígbẹ. Nígbà tí ó rà á, kò sí ẹni tí ó ka tútù tí kò tíì gbó sí. Ó di ohun tí a ń pè ní 88 Qing, tí àwọn olówó ń fi owó gọbọi wá lónìí.

Bí a bá bi èmi léèrè, n kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bá ara wa jà lórí ewo ni ó dára jù. Ahọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn àgbà Hong Kong fẹ́ràn èyí tí ó ní òórùn igi àtijọ́ àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa; àwọn ọ̀dọ́ Kunming a sì máa sọ pé òórùn inú àjà ilẹ̀ ni ìyẹn.

Fún ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú ìṣù kan tàbí méjì sínú ilé ara rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ewé tíì a máa gba òórùn mọ́ra bí aṣọ òtútù. Bí a bá gbé e sí tòsí ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Bí a bá gbé e sínú àpótí tí káńfọ̀ wà, káńfọ̀ ni a ó máa mu títí yóò fi tán. Ilé ìdáná kò yẹ ẹ́ rárá, pàápàá irú tiwa tí irú, ẹja gbígbẹ àti panla ń bá ara wọn gbé. Oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ máa kàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjì. Nítorí náà ni a kì í ṣe é tú kúrò nínú bébà rẹ̀, tí a kì í sì í dì í sínú ọ̀rá tí ó dí pinpin bí a bá fẹ́ kí ó dàgbà. Ẹ̀rọ amóhuntutù kọ́ ni ilé rẹ̀.

Ní ti ọ̀rinrin, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé a máa fẹ́ kí ti inú afẹ́fẹ́ wà láàrin ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ooru sì wà láàrin 20 sí 30. Ní ilẹ̀ òtútù bíi London tàbí Chicago, níbi tí ẹ̀rọ ìmúlégbóná ti ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé ní gbogbo ìgbà òtútù, ìyà gbígbẹ ni ó ń jẹ tíì náà. Àwọn ènìyàn a máa gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tàbí àpótí pẹ̀lú ohun tí ń pèsè ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ń gbé Èkó, ìṣòro tirẹ̀ kì í ṣe èyí. Ní oṣù June àti July, nígbà tí bàtà inú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá ń hu funfun, ibi gíga tí ó jìnnà sí ògiri ni kí ó gbé e sí, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Bí ó bá rí ohun aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí ń hù lára rẹ̀, bí irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì, kí ó má ṣe gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún un pé àgbà ni ó ń dà. Kí ó gbé e sọnù.

Kí a má sì ṣe kó tútù àti jíjinná sínú àpótí kan náà. Òórùn jíjinná lágbára, yóò bo èkejì mọ́lẹ̀.

Títọ́ ọ wò

Irin ṣóńṣó tín-ín-rín ni a fi ń tú ewé kúrò lára ìṣù, láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ewé má baà rún, kí irin má sì gún ọwọ́. Ife kékeré tí ó ní ọmọrí, tí wọ́n ń pè ní gaiwan, ni ó dára jù fún ìdánwò, nítorí pé kò ní adùn tirẹ̀ tí yóò fi kún un. Bí ife náà bá gba omi tí ó ju mílílítà 100 lọ díẹ̀, gíráàmù 7 ewé tó o. Omi híhó ni a ó dà lé e, a ó sì dà á nù lójú ẹsẹ̀. Èyí fọ eruku kúrò, ó sì jí ewé tí ó ti ń sùn láti ọdún wọ̀nyí. Ẹ ṣí ọmọrí nígbà náà, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Imú máa ń sọ òtítọ́ ṣáájú ẹnu.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí a bá da omi sí i, kí ó má ju ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi lè ka oókan dé ẹ̀ẹ́wàá lọ kí a tó sẹ́ ẹ sínú ife mìíràn, kí a sì sẹ́ ẹ tán pátápátá. Àṣìṣe tí àwa tí a mọ tíì oníwàrà jù lọ máa ń ṣe ni pé a ó fi í sínú omi títí, a ó wá ní ó korò. A máa ń da omi sí ewé kan náà ní ìgbà mẹ́wàá, àní ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì máa fi kún àkókò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Puer tí ó dára kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nínú ife kan. Ìkẹta àti ìkẹrin ni ó máa ń dùn jù lọ, nígbà tí ó bá sì fi di ìkẹjọ, ìkorò yóò ti lọ, omi náà yóò sì máa dùn bí omi tí a fi ìrèké fọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ń wá nínú tútù tí ó jẹ́ ọmọdé, hui gan ni wọ́n ń pè é, èyí tí a lè túmọ̀ sí adùn tí ó padà wá. Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ẹni tí ó bá sì ti jẹ obì tí ó mu omi lé e mọ bí omi lásán ṣe ń dùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọdé puer bá korò tí ìkorò náà sì yára yí padà di adùn ní ọ̀fun, àmì rere ni. Bí ó bá korò tí ó sì jókòó síbẹ̀ bí onígbèsè, tí ahọ́n ń gbẹ, tí kò sí ohun tí ó tẹ̀lé e, ọdún kò ní fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe. Ti òkè Bulang a máa korò gan-an, a sì máa lágbára. Ti Yiwu rọ̀, ó sì tutù lẹ́nu. Ẹ má ṣe mu ọmọdé tútù yìí ní inú òfo, nítorí pé yóò ta ikùn.

Ní ti àgbà, kì í ṣe ìkorò ni à ń wá mọ́ bí kò ṣe òórùn igi, ti káńfọ̀, ti ewé gbígbẹ inú igbó, pẹ̀lú omi tí ó nípọn lẹ́nu tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìfa wàhálà. Àwọn kan a máa sọ pé agbára kan wà nínú rẹ̀ tí ń rìn ní gbogbo ara. Òótọ́ ni pé ènìyàn a máa làágùn díẹ̀, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni, èròjà inú tíì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn sì wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tà á bí oògùn ọ̀rá ara. Ohun mímu ni.

Jíjinná rọrùn láti mọ̀. Omi rẹ̀ dúdú bí kọfí, ó rọ̀, kò korò. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú òkìtì a máa ní òórùn bí ti ẹja, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kí ó lọ. Nígbà tí a bá mu tán, kí a tú ewé náà sórí àwo. Ewé àgbà tútù gidi a máa rọ̀, a sì máa tẹ́ nígbà tí a bá fi ìka tẹ́ ẹ. Bí ó bá dúdú bí èédú, tí ó le, tí kò ṣe é tú, tí ẹni tí ó tà á sì ní ọgbọ̀n ọdún ni ó ti lò nínú iyàrá gbígbẹ, irọ́ ni ó pa.

Owó àti ẹ̀tàn

Ọ̀rọ̀ irọ́ yìí ni ó gbé wa dé ibi tí bàtà ti ń ta. Títí di nǹkan bíi 1990, ohun mímu àwọn ará ilé oúnjẹ Hong Kong ni puer jẹ́, ìwọ̀nba ènìyàn ní Ṣáínà gan-an ni ó kà á sí. Àwọn ará Taiwan ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣù àtijọ́ kiri. Àwọn kan nínú wọn rin ìrìn-àjò dé Yiwu ní 1994, ní 1995 sì ni Deng Shihai ṣe ìwé tí ó kọ orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ìṣù olókìkí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí a ń mu di ohun tí a ń kó jọ. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 2000, òṣìṣẹ́, olùkọ́, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ni ó ń rà á sínú yàrá bí ẹni ń ra ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Menghai kọ́ ilé tuntun, wọ́n ra ọkọ̀. Ọdún 2007 yìí kan náà ni ìlú Simao yí orúkọ rẹ̀ padà sí Puer kí ó lè jẹ nínú òkìkí náà. Ọdún náà ni ọjà dà wó. Ní ìgbà ìrúwé, owó rẹ̀ ga dé òkè. Kí ọdún tó parí, kò sí ẹni tí ó fẹ́ rà á mọ́. Àwọn tí ó ti kó owó ìfẹ̀yìntì wọn sínú rẹ̀ jókòó ti àpótí tíì tí wọn kò lè tà, tí wọn kò sì lè mu tán láyé. Àwọn àgbẹ̀ kan padà sórí àgbàdo àti ìrẹsì.

Kì í ṣe puer ni ó bà jẹ́ ní ọdún náà. Ìṣù tí ó dára ṣì ń dàgbà níbi tí a gbé e sí. Ohun tí ó wó ni ìgbàgbọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, owó tún gòkè, pàápàá ti ewé àwọn igi àtijọ́. Abúlé Lao Banzhang ní òkè Bulang di olókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ewé tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà fi ju ewé tí ilẹ̀ rẹ̀ lè mú jáde lọ fíìfíì.

Ọ̀nà tí a ń gbà tan ènìyàn pọ̀. Bébà ara ìṣù ṣe é tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ ìṣù ìgbà tí ìjọba nìkan ń ṣe é ni àmì ara wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ti wá. Àwọn kan a máa fi omi àti ooru mú ìṣù ọdún méjì dúdú, wọn a sì pè é ní àgbà. Nọ́ńbà ara ìṣù náà ti ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́nà. Ẹ mú 7542 bí àpẹẹrẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé 1975 ni wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. 75 ni ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpòpọ̀ ewé náà, 4 ni ìwọ̀n ewé tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, 2 ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ Menghai. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ọdún tí ó kọjá, 7542 náà ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rà, bóyá gíráàmù 20 tàbí 30, kí ó tọ́ ọ wò ní ìgbà mélòó kan kí ó tó ra odidi ìṣù. Kí ó ra ọmọdé tí òun fúnra rẹ̀ lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, dípò àgbà tí ẹlòmíràn ń jẹ́rìí fún. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó rà á àti ibi tí ó gbé e sí sára bébà, kí ó sì máa tọ́ ọ wò ní àkókò kan náà lọ́dọọdún, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Bí gíráàmù 357 bá jẹ́ ìṣù kan, tí a sì ń bu 7 nínú rẹ̀, ìgbà 51 géérégé ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó rà á ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún yóò ti pé ẹni ọdún 81 kí èyí tí ó gbẹ̀yìn tó wọ inú ife.